Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Sùn

Kí ojúmọ́ tó mọ́ tán ní abà Ìdí-Ahùn, lẹ́bàá ọ̀nà Lálúpọn, Àjọkẹ́ ti mọ̀ pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan iyọ̀ òun. Ó na ọwọ́ sí òkè àjà, ó sọ àdó kékeré tí ó fi há àárín igi kalẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n létí. Kò dún.

“Bàbá Títíladé, iyọ̀ mi dà?”

Ìyàndá, ọkọ rẹ̀, kò gbójú sókè. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, Títíladé ọmọ wọn sì wà láàrin itan rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Àkísà aṣọ kan wà ní dídì mọ́ ọn lórí, ó ń run òórùn òrí, èéfín díẹ̀ ṣì ń jáde níbẹ̀.

“Mo ní iyọ̀ mi dà?”

“Ó wà níbí.” Ó fọwọ́ kan àkísà náà. “Mo yan án gbóná, mo fi ń tẹ ojú ibi tó wú.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Ṣé orí méjì ló ní?”

Àjọkẹ́ rọra gbé àdó náà sílẹ̀ bí ẹni tí ó gbé ẹyin. Iyọ̀ tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ni, òun ni ó sì kù nínú ilé. Ó di ọdún kẹrin tí Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà. Àwọn ológun Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, wọn kò jókòó, wọ́n tún kó ogun lọ sí Rẹ́mọ. Epo kún inú ìkòkò, kò rí ẹni rà á. Iyọ̀ kò rí ibi gbà wọlé. Ní ọjà Lálúpọn, odindi àgbébọ̀ adìẹ ni wọ́n ń fi gba èkúnwọ́ iyọ̀ ọmọdé.

“Ogun ń jẹ wá níwájú,” ó ní, “ẹ̀yin náà ń jẹ wá lẹ́yìn.”

Ìyàndá tẹ ẹnu mọ́ etí ọmọ náà, ó fi oríkì pè é.

“Àníkẹ́!”

“Hùún.”

“Lajú.”

“Mo lajú, Bàbá.”

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ọ̀sán àná, Ìyàndá wà lórí ọ̀pẹ pẹ̀lú igbà rẹ̀, ó ń gé ẹyìn. Ní Ìdí-Ahùn, kò sí obìnrin tàbí ọmọdé tí í wọ abẹ́ ọ̀pẹ títí ẹni tí ó wà lókè yóò fi fi ẹ̀yìn àáké lu igi náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá dún lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, dúró. Bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá dún, máa bọ̀, wá ṣa ẹyìn. Ìyàndá lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí ó lù ú tán ni ó tó rí ìdì ẹyìn kékeré kan tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn imọ̀, ó sì gé e, nítorí ọwọ́ àgbẹ̀ kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ lókè. Títíladé ti dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Ìdì náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kùkùté imọ̀ kan tí ó bá a já bọ́, tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ, ni ó bà á lórí. Ọmọ náà ké “Yéè!”, ó fọwọ́ ra ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀pẹ ń kí òun. Orí wú bí ẹyin ẹyẹlé. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyàndá sọ̀ kalẹ̀, ó di ọmọ náà mú léjìká, ó wo ẹyinjú rẹ̀ pẹ́ títí, ó ní, “Ẹ má jẹ́ kí ó sùn.”

Láti ìgbà náà, ọmọ náà kò tíì sùn.

Lẹ́bàá ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, ìyá Ìyàndá, tí gbogbo abà ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sórí àpótí, ó ń pa ẹkùrọ́. Ó gbé ẹkùrọ́ lé orí òkúta, ó fi òkúta mìíràn lù ú, ó dún kò. Ó sọ ọmọ inú rẹ̀ sínú igbá, ó gbá èèpo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹní kan wà tí wọ́n ká, tí wọ́n fi ti ògiri nàró, eruku ti bò ó. Láti àná, màmá náà kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ orí ọmọ. Ìyàndá náà kò sì tíì wo ojú rẹ̀.

Àjọkẹ́ gbé ẹ̀kọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá. Ọmọ náà mú ẹ̀kọ lọ́wọ́, kò gbé e dé ẹnu, ọrùn rẹ̀ rọ bí ọrùn adìẹ tí òjò pa. Bàbá rẹ̀ fi ìka gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó lajú. Ó tún rọ. Ìyàndá bó ataare mẹ́ta, ó kó hóró rẹ̀ sí i lẹ́nu.

“Rún un.”

“Bàbá, ó ń ta mí.”

“Ìdí tí mo fi fún ọ nìyẹn. Rún un.” Ó fi ẹ̀kọ tirẹ̀ kan ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò. “Ọbẹ̀ yìí tẹ́.”

“Ẹ lá orí ọmọ yín,” ni Àjọkẹ́ wí, “ibẹ̀ ni iyọ̀ wà.”

Kò. Ìyá Àgbà sọ hóró kan sínú igbá.

Ìgbà tí oòrùn dé orí òrùlé ni Mùsílímátù, aládùúgbò wọn, wá bu iná. Iná wà nílé tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Ó mú àpáàdì lọ́wọ́, Àjọkẹ́ kó ẹyin iná méjì sí i nínú, kò sì lọ.

“Ẹ kú ewu o. Mo gbọ́ pé orí ọmọ fọ́.”

“Kò fọ́,” Àjọkẹ́ wí. “Ó wú.”

“Ẹ̀jẹ̀ jáde?”

“Kò jáde.”

“Yéè! Èyí tí kò jáde gan-an ló burú.” Mùsílímátù wá ibi tí ó dára, ó jókòó. “Ìyàwó kan wà ní Olódò, ọmọ odó yọ lọ́wọ́ orogún rẹ̀, ó bà á níbí, níwájú orí. Kò ju báyìí lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó jẹ iyán, ó ní kí wọ́n bù sí i. Ọjọ́ kẹta, ó lọ pọn omi, wọ́n bá ìkòkò létí odò, omi kò dànù, òun ló dùbúlẹ̀ tì í.”

“Lọ́jọ́sí, ọjọ́ keje ni o pè é fún Ìyá Àgbà.”

“Kẹta tàbí keje, ṣé kò kú ni?”

“Mùsílímátù,” Àjọkẹ́ wí, “iná tí o wá bù ti ń kú lọ́wọ́ rẹ.”

Ṣùgbọ́n Ìyàndá ti na ọrùn. “Kí ó tó kú, kí ni ó ń ṣe?”

“Oorun ni. Wọ́n ní oorun ló ń kùn ún.”

Ìyàndá mi ọmọ náà léjìká bí ẹni mi igi ọsàn. “Àníkẹ́!”

“Hùún.”

Lẹ́yìn Mùsílímátù, ẹlòmíràn wá, ẹlòmíràn sì tún wá. Ọ̀kan ní kí wọ́n má fún un lómi, pé omi ni ó ń gun orí. Èkejì ní omi tútù ni kí wọ́n dà sí i lẹ́sẹ̀. Ìyàndá gbọ́ tiwọn méjèèjì: kò fún ọmọ lómi mu, ó sì ń da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn ń sọ, ikú ló wà ní ìparí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní ìtàn orí tí ó wú tí ó sì lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí tí ó wú tí ó lọ sílẹ̀ pọ̀ ní Ìdí-Ahùn ju ewé lọ. Orí tí ó bá sàn kì í ní ìtàn.

Ní ọ̀sán gangan, Títíladé ní òun fẹ́ tọ̀. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ méjì, ó fi èjìká gbá òpó. Ó bì sílẹ̀: itọ́ àti ataare, kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Àjọkẹ́ sáré gbá a mú. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ògiri lẹ́yìn màmá arúgbó náà, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

“Ìyá, ta ni ọkùnrin yẹn?”

“Ọkùnrin wo?”

“Èyí tó dúró lẹ́yìn Ìyá Àgbà. Ó ga. Kò ní ojú.”

Òkúta dúró lókè lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ wo ibẹ̀. Ògiri ni wọ́n rí, àti ẹní tí wọ́n ká. Òkúta sọ̀ kalẹ̀. Kò.

“Ó ti dé,” ni Ìyàndá wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Ó wá mú un. Mùsílímátù, rán ọkọ rẹ sí Lálúpọn fún mi, kó lọ pe Lìádì onígbàjámọ̀. Kó wá sín orí yìí, kí ẹ̀jẹ̀ dúdú tibẹ̀ jáde.”

Mùsílímátù ti dìde kí ó tó sọ tán.

Àjọkẹ́ dúró sáàrin ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé ọmọ sí ọrùn bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni. “Abẹ? Sórí ọmọ mi? Ẹ jẹ́ kó sùn! Ọmọ tí kò sùn láti àná, tí ẹ ń fi ataare bọ́, tí ẹ ń fi omi rọ lẹ́sẹ̀ bí ewé ẹ̀fọ́, kí ni kò ní rí? Oorun ló ń pa á!”

“Oorun ló pa Ọláníyì!” ni Ìyàndá ké.

Adìẹ kan tí ó ń họ èèpo ẹkùrọ́ dúró.

Àbúrò Ìyàndá ni Ọláníyì. Kóńdó ni wọ́n fi bà á lórí nígbà tí òun àti àwọn ológun Ìbàdàn wọ Ìjàyè. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, ó ń fi ibi tí ó wú náà ṣẹ̀fẹ̀, ó jẹ ọkà, ó sùn. Ẹyẹ ké, kò jí. Láti ọdún méjì, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ náà nínú ilé yìí. Wọ́n ká ẹní rẹ̀, wọ́n fi ti ògiri, wọn kò sì rí ẹni tí yóò jù ú nù.

Àjọkẹ́ gbé ọmọ náà padà sáàrin itan bàbá rẹ̀. Ó lọ jókòó ti ààrò, ó ń fẹ́ iná tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀.

“Àníkẹ́.”

Kò dáhùn.

“Àníkẹ́!”

“...ùún.”

Lìádì onígbàjámọ̀ dé nígbà tí òjìji ilé ti ń gùn. Ọkùnrin kúkúrú ni, àpò awọ wà léjìká rẹ̀, ìwo ẹran tí ó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ ń kanra wọn nínú àpò náà. Àwọn tí ó tẹ̀lé e wọlé ju àwọn tí ó ti wà nílẹ̀ lọ.

“Mo kí ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú.” Ó tú àkísà, ó fi àtàǹpàkò tẹ orí ọmọ náà. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ké. “Èyí ti ń lọ sílẹ̀.”

“Wo ojú rẹ̀,” Ìyàndá wí. “Ó bì. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ó ń rí òkú.”

Lìádì fi ìka la ìpéǹpéjú ọmọ náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó padé.

“Ìgbà wo ni ọmọ yìí sùn kẹ́yìn?”

Mùsílímátù rí ohun kan wò nílẹ̀.

“Mo bi yín ni.”

“A kò jẹ́ kí ó sùn,” ni Ìyàndá wí.

Onígbàjámọ̀ náà wo Ìyàndá, ó wo Àjọkẹ́, ó wo àwọn tí ó kún ẹnu ọ̀nà. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ kan. Ó gbé e mì.

“Orí ni ẹ pè mí sí, ẹ kò pè mí sí oorun. Bí ẹ bá ní kí n sín in, màá sín in. Ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ọwọ́ yín ló wà.” Ó fa abẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn lórí àtẹ́lẹwọ́.

Ìró òkúta kò dún mọ́ lẹ́bàá ògiri. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn kò gbọ́ mọ́.

“Lìádì,” ni Ìyá Àgbà wí, “dá abẹ rẹ padà sínú àpò.”

Lìádì dá a padà, kíákíá, bí ẹni tí ó ti ń retí rẹ̀.

“Ìyàndá.”

“Ìyá mi.”

“Kí ni ò ń ṣọ́?”

“Èmi ni mo ní kí Ọláníyì sùn, Ìyá. Ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀. Mo ní kí ó lọ sùn, pé ilẹ̀ á mọ́. Èmi ni. Lánàá náà, èmi ni mo lu ọ̀pẹ.”

“O ní kí ó sùn lóòótọ́. Mo gbọ́ ọ. Ṣé o mọ̀ pé ó dìde lẹ́yìn rẹ?”

Ìyàndá gbójú sókè. Ó wo ojú ìyá rẹ̀.

“Ó dìde. Ó wá bá mi ní yàrá. Ó ní, Ìyá, oorun kò wá. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan, bí mo ti ń ṣe fún un ní kékeré, mo ń fọwọ́ pa á lórí títí ó fi sùn. Ọwọ́ yìí ni.” Ó na ọwọ́ náà, ó dúdú fún epo ẹkùrọ́. “Nígbà tí ó sùn wọra, mo jí i, mo ní kí ó lọ sórí ẹní rẹ̀. Ó lọ. Ọdún méjì ni mo fi ń dúró kí ẹ bi mí. Ẹ kò bi mí.”

Ó fa ọwọ́ náà padà.

“Èmi kọ́ ni mo pa á, ìwọ náà kọ́. Kóńdó ló pa á. Àwọn tó ní kí ó lọ jà ló pa á. Wọ́n wà ní Rẹ́mọ báyìí. Wọ́n ń sùn.” Ó fi ẹsẹ̀ ti igbá sẹ́yìn. “Àjọkẹ́, mú ẹní yẹn wá.”

Àjọkẹ́ dìde. Ó fọwọ́ kan ẹní náà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó gbé e. Nígbà tí ó tú u, eruku rẹ̀ gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn kọjá, àwọn ará ilé sì yà fún un bí ẹni yà fún àgbà.

“Gbé ọmọ náà fún mi,” ni Ìyá Àgbà wí. “Bí ó bá jí, ọmọ yín ni. Bí kò bá jí, èmi ni mo pa á, kí ẹ̀yin lè máa sùn.”

Ìyàndá gbé e. Apá rẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Àjọkẹ́ ni ó rọra tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí orí Títíladé tó kan itan Ìyá Àgbà, ó ti sùn.

Àwọn èrò kò lọ. Lìádì jókòó sórí àpò rẹ̀. Mùsílímátù, fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rántí, kò ní ìtàn. Ìyàndá kúnlẹ̀ létí ẹní, ó fa igbá ẹkùrọ́ sọ́dọ̀, ó wá òfìfo igbá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àyà ọmọ náà bá gbé sókè, yóò mú hóró kan láti inú èkínní sọ sínú èkejì. Nígbà kan, àyà náà pẹ́ kí ó tó gbéra. Ìyàndá mú hóró kan dání, ó gbé e sókè. Ìyá Àgbà kò wò ó. Ó ń fọwọ́ pa orí ọmọ náà lọ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó wú. Ọmọ náà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ó sọ ẹrù. Hóró náà bọ́ sínú igbá.

Àjọkẹ́ ṣa àkísà orí ọmọ nílẹ̀. Ó rẹ ẹ́ sínú omi díẹ̀, ó fún un, ó fi aṣọ mìíràn sẹ́ omi náà, ó yọ irun méjì kúrò, ó dà á sínú ọbẹ̀ ilá. Ó gbé ìkòkò kaná.

Oòrùn ti kó ẹsẹ̀ kúrò lágbàlá nígbà tí Títíladé yí ara padà. Ó fọwọ́ ra ojú. Ó wo gbogbo ènìyàn tí ó ń wo òun, ojú tì í, ó fi aṣọ Ìyá Àgbà bo ojú.

“Ìyá, ebi ń pa mí.”

Ẹnìkan pariwo lẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíràn sì ń dúpẹ́. Ọmọ náà yọ ojú kan jáde, ó wo ògiri tí ó wà lófìfo lẹ́yìn wọn.

“Ọkùnrin yẹn ti lọ,” ó ní.

Kò sí ẹni tí ó bi í pé ta ni.

Wọ́n jẹun. Lìádì, tí kò gba owó, gba ẹ̀kọ mẹ́ta. Mùsílímátù tọ́ ọbẹ̀ wò, ojú rẹ̀ là rekete.

“Àjọkẹ́! Ọbẹ̀ yìí mà níyọ̀ o! Níbo lo ti rí i?”

“Orí ló ti wá,” Àjọkẹ́ wí. “Ẹ jẹun.”

Nígbà tí àwọn èrò tú ká, Ìyàndá nìkan ni kò tíì jẹ. Ó ṣì kúnlẹ̀ létí ẹní, hóró ẹkùrọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo àyà ọmọ tí ó ń lá àwo níwájú rẹ̀. Ìyá Àgbà gba hóró náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá orí ẹní pẹ́pẹ́.

“Ó kàn ọ́.”

“Kò rẹ̀ mí, Ìyá.”

“N kò bi ọ́.”

Ìyàndá wo ẹní náà. Ó dùbúlẹ̀ lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ le bí pákó, ojú rẹ̀ sì là.

“Bí mo bá sùn, ẹ máa pè mí.”

“Sùn.”

Àjọkẹ́ ń fọ ìkòkò ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ó tún gbọ́ ìró ẹkùrọ́ láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé màmá ti padà sí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìró òkúta. Ó nu ọwọ́, ó yọjú. Ìyàndá ti sùn, ẹnu rẹ̀ là. Ìyá Àgbà jókòó tì í, igbá kan lápá ọ̀tún, igbá kan lápá òsì, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àyà ọmọ rẹ̀. Bí àyà náà bá sì ti gbéra, yóò mú hóró kan, yóò rọra sọ ọ́ sínú èkejì.